Àbúrò mi fẹ́ wọ ọkọ̀ tírọ́là lọ ṣiṣẹ́ edé. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i

ÀǹtíBùkì_Mushin · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 23 ni. Ó gba OND nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ ní Yaba Tech, ó sì ti tó ọdún kan ààbọ̀ tó ti ń wáṣẹ́ kiri. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti Ajégúnlẹ̀ mú un lọ bá alágbàtà kan ní Àpápá. Ọkùnrin náà ní ọkọ̀ ńlá kan tó ń pẹ edé lójú agbami ń wá èèyàn. "Processor" ni wọ́n pe iṣẹ́ náà nínú ìwé tó fi hàn wá. Ó ní kí ọmọ náà san ₦150,000 kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, pé tó bá ti wọ ọkọ̀, kí oṣù tó parí ni owó yẹn á ti padà.

Màmá wa ò rí oorun sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn ò bímọ fún òkun. Èmi ò fẹ́ fi ìbẹ̀rù dí ọmọ lọ́nà, mi ò sì fẹ́ tì í lọ síbi tí mi ò mọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni níbí ti ṣiṣẹ́ yìí rí? Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Báwo ni wọ́n ṣe ń sanwó? Kí ló yẹ kí n bèèrè kí n tó gbà?

Sàlámì_Ìsọlọ̀ · 8:31 alẹ́

Ẹ má san kọ́bọ̀. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa òkun, àmọ́ mo mọ alágbàtà. Wọ́n gba ₦90,000 lọ́wọ́ èmi náà lọ́dún tó kọjá nítorí iṣẹ́ ilé ìkẹ́rù kan. Títí dòní, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́.

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 9:47 alẹ́

Àǹtí Bùkì, ẹ kú àníyàn. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́fà. Kirikírì la ti ń gbéra, a ó sì dorí kọ ibi tí edé pọ̀ sí, lójú òkun Escravos lọ dé Brass àti Bonny. Etí omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ tírọ́là. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọwọ́ mi bà.

Ọkọ̀ edé máa ń na apá irin méjì síta bí ẹyẹ tó fẹ́ fò. Àwọ̀n á wà lápá ọ̀tún, òmíràn á wà lápá òsì. Wọ́n á wọ́ wọn nílẹ̀ òkun fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á wá fà wọ́n sókè. Bí wọ́n bá ti tú ìdí àwọ̀n sórí dẹ́ẹ̀kì, iṣẹ́ tiwa dé nìyẹn. Ẹ má rò pé edé nìkan ló ń dà sílẹ̀ o. Apò wà níbẹ̀, abo, ọ̀bọ̀kún, akàn, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí kò lórúkọ lẹ́nu wa, òkúta, àti ọ̀rá piọ́ wọ́tà tí àwa fúnra wa dà sínú gọ́tà l'Ékòó. A ó lóṣòó ti òkìtì náà, a ó máa ṣà á. Edé sínú apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ẹja tó lówó lórí sínú tirẹ̀. Ẹ̀gún kan wà lórí edé tó mú bí abẹ́rẹ́. Kò sí ìbọ̀wọ́ ròbà tí kì í gún wọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, mi ò lè pa ọwọ́ mi dé mọ́.

Edé pupa tí àwọn ará òkè òkun ń rà, inú ẹrẹ̀ ló ń wọ̀ lọ́sàn-án, òru ló ń jáde. Nítorí náà, òru ni ọ̀sán wa. Kí ẹ tó ṣa òkìtì kan tán, ẹ ó ti máa gbọ́ tí ẹ̀rọ ń fa òmíràn bọ̀. Kò sí "àárọ̀ dalẹ́" níbẹ̀. Àwọ̀n ló ń lu aago. Oorun wákàtí méjì níhìn-ín, wákàtí kan ààbọ̀ lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sùn. Ó ní ọjọ́ kan tí mo dìde fún iṣẹ́, tí mo ti wọ bàtà òjò, tí mo ti débi apẹ̀rẹ̀, kí n tó mọ̀ pé mo ti jí.

Tí a bá ṣà á tán, a ó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi òkun, a ó wá tò ó ní ìtóbi-ìtóbi. Iye tó pé kílò kan ni orúkọ edé: 10/20 ni wọ́n ń pe èyí tí mẹ́wàá sí ogún rẹ̀ pé kílò kan, ìyẹn àwọn bàbá ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 20/30, 30/40, lọ dé 60/80. Lóṣù àkọ́kọ́, ọ̀gá á da páálí rẹ sílẹ̀ pátá tó bá rí ẹyọ kan péré tó kéré láàárín àwọn ńlá. Tó bá yá, ojú ò ní ṣe é mọ́, ọwọ́ ni yóò máa mọ̀ ọ́n. Ká bà á lókùnkùn, a mọ 20/30 yàtọ̀ sí 30/40. Ẹ̀yìn ìyẹn la ó kì í bọ omi oògùn kan kí orí rẹ̀ má bàa dúdú, a ó tò ó sínú páálí kílò méjì-méjì, gbogbo orí á kọjú síbì kan, kó lè wu ẹni tó ń rà á. Ó di inú firísà onípẹpẹ nísàlẹ̀, níbi tí òtútù ti tó 35 sí 40 nísàlẹ̀ òdo. Tó bá ti dì, a ó da omi sí i lára kí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bò ó, a ó wá gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rù tí òtútù rẹ̀ ò gbọdọ̀ wá sókè ju 18 nísàlẹ̀ òdo lọ. Ẹni tó ń gbé páálí láti inú òtútù yẹn bọ́ sínú ooru dẹ́ẹ̀kì, tó tún padà, tó tún jáde, ẹ̀ẹ̀kan náà ni egungun rẹ̀ á máa sọ fún un pé ó rẹ òun.

Ìrìn-àjò tiwa kì í dín ní ọjọ́ 40. Lọ́dọ̀ tiwa, owó oṣù ò pọ̀, iye páálí tí ọkọ̀ bá kó wọlé ló ń sọ ìyókù. Ìrìn-àjò tó dáa, èèyàn á rówó san ilé ọdún kan. Èyí tí kò dáa, èèyàn á padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ wíwú.

Ẹ bi mí ní ohun tó bá kù. Ṣùgbọ́n ₦150,000 yẹn, ẹ má san án. Mi ò san owó fún ẹnikẹ́ni kí n tó wọ ọkọ̀.

ÀǹtíBùkì_Mushin · 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Mo kà á fún Màmá. Wọ́n kàn dákẹ́. Wọ́n wá ní kí n bi yín pé ta ló ń se oúnjẹ fún yín.

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 10:12 alẹ́

Ẹ bá mi kí Màmá. Kúkù wà. Oúnjẹ ò wọ́n wa, ẹja kò sì lè wọ́n wa láé. Ata àti ewébẹ̀ ló máa ń tán. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èèyàn á máa lálàá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Orílé · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Mo ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni mo rí èyí, mi ò lè fojú fò ó. Ẹ̀gbọ́n fẹnu ba omi oògùn náà díẹ̀, èmi fẹ́ dúró lórí rẹ̀.

Sodium metabisulphite ni. Páúdà funfun ni, wọ́n ń pò ó mọ́ omi, wọ́n á ki edé bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ohun kan nínú ara edé fúnra rẹ̀ ló ń sọ orí rẹ̀ di dúdú lẹ́yìn tó bá kú. Kì í ṣe kòkòrò ló fà á, kì í sì í ṣe ìdíbàjẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà ò ní rà á, nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo páúdà. Tí páúdà yẹn bá pàdé omi, pàápàá tí wọ́n bá da púpọ̀ sí i tàbí tí nǹkan kíkan kàn án, gáàsì kan máa ń jáde lára rẹ̀ tó ń ta imú bí ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ìsàlẹ̀ ló ń rọ̀ sí. Ẹ wá ronú yàrá nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí òtútù. Lóríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ edé ti kú báyìí, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó sáré wọlé lọ gbé ẹnì kejì ṣubú lé e lórí. Tí ẹnì kan bá dákú níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé láìwọ ẹ̀rọ ìmí. Kí wọ́n ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ná, kí wọ́n pariwo pe àwọn ará òkè.

Ohun kejì ni ọwọ́. Tí ẹ̀gún edé bá gún èèyàn, tó bá di ọjọ́ méjì sí méje tí ìka náà wú, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n tó fẹ́ rí bí àyìnrín, tó ń ta tó sì ń yún, kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní Erysipelothrix ló sábà máa ń fà á. Àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹja àti ẹran ló ń mú. Penisilíìnì ń wò ó dáadáa, tí ara ẹni náà bá gbà á. Ìṣòro rẹ̀ ni pé dókítà tí kò bá mọ̀ pé apẹja ni ẹni náà, á máa tọ́jú nǹkan mìíràn. Kí ọmọ yẹn máa sọ ọ́ jáde nílé ìwòsàn: "Mo ń ṣiṣẹ́ edé." Ẹni tó bá sì ní àrùn ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju gbogbo èèyàn lọ, nítorí kòkòrò mìíràn wà nínú omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Vibrio, tó lè gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọlé tó sì lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ kó tó lọ.

Àǹtí Bùkì, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn èyí: ṣé ọmọ náà ní ásímà?

ÌyáẸlẹ́dé_Liverpool · 9:02 àárọ̀

Ọmọ mi Bùkì, ọdún 19 ni mo ti ń ta edé ní Liverpool, Àpápá níbí. Àwọn ọmọ tírọ́là la máa ń dúró dè. Mo mọ̀ wọ́n láti ọwọ́ wọn kí n tó mọ̀ wọ́n lójú. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣa edé máa ń funfun, á hunjọ, bí ọwọ́ ìyàwó tó fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa pọ̀. Ọmọ dáadáa pọ̀ nínú wọn. Ìyá ọlọ́mọ ni mí, mo mọ ohun tó ń ṣe ìyá rẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Ọmọ tó kàwé oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé kì í ṣe inú ọkọ̀ nìkan ni iṣẹ́ edé wà. Edé tó bá dé èbúté, wọ́n á tún gbé e lọ sí ilé ìtutù, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tún tò ó, kó tó lọ sí Yúróòpù. Àwọn yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Wọ́n ń wọn páúdà tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn lára edé: èyí tí iye rẹ̀ nínú kílò kan kò bá ju 80 lọ, òfin Yúróòpù ò fẹ́ kó ju 150 mílígíráàmù lọ nínú kílò kan. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á dá a padà. Wọ́n ń wá ẹni tó lè ka ẹ̀rọ ìwọ̀n, tó lè kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò ní parọ́. Mo mọ obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tún páálí dì. Tó bá wù yín, kí ọmọ náà wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kó bèèrè ìsọ̀ Ìyá Ẹlẹ́dé nídìí omi.

ỌmọAyétòrò_Mákòkó · 11:40 àárọ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè, inú mi ò dùn. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí. Bàbá mi ṣì ń tukọ̀ jáde lọ pẹja títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Òfin ìpẹja òkun ti 1992 ní kí tírọ́là má ṣe pẹja láàárín máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ sí etíkun, ìyẹn kìlómítà 9 ó lé díẹ̀. Àwa ni wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún, àti fún àwọn ẹja tó ń pamọ. Tó bá di òru, wọ́n á paná ọkọ̀, wọ́n á wọlé. Àwọ̀n tí bàbá mi fi oṣù mẹ́ta dá owó rẹ̀ jọ, wọ́n á wọ́ ọ lọ bí ẹni wọ́ okùn aṣọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á da ẹja wẹ́wẹ́ padà sómi ní òkú, torí pé edé nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó ilé ọdún kan. Owó ta ni?

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 1:15 ọ̀sán

ỌmọAyétòrò, mi ò ní bá ọ jiyàn. Mo wà nínú ọkọ̀ tó ṣe é.

Òru kan ni, edé ti wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kápútẹ́ẹ̀nì ní ká sún mọ́lé díẹ̀. Àwa tó wà nísàlẹ̀ ò mọ ibi tí a dé, iná etíkun tí mo rí nígbà tí mo jáde wá gba afẹ́fẹ́ ló jẹ́ kí n mọ̀. Nígbà tí àwọ̀n máa gòkè, àwọ̀n ẹlòmíràn ti lọ́ mọ́ tiwa. Àwọn nǹkan léfòó-léfòó tó so mọ́ ọn, ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ lẹ́tà méjì sára ìkọ̀ọ̀kan wọn. Bósùn, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ dẹ́ẹ̀kì, ní ká gé e dànù. Ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo gé e. Edé òru yẹn pọ̀, mo sì jẹ nínú owó rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá gba Mákòkó kọjá lórí afárá, mo máa ń wo àwọn ọkọ̀ ìgbájá bóyá mo lè rí ọ̀dà pupa yẹn.

Processor kọ́ ló ń darí ọkọ̀, òótọ́ ni. Mi ò fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́. Kí bàbá rẹ dárí jì wá.

ỌmọAyétòrò_Mákòkó · 1:52 ọ̀sán

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, sà. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Mo máa sọ fún bàbá mi.

Lọ́yà_Ẹ̀bútéMẹ́ta · 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè Àǹtí Bùkì tó kẹ́yìn, ìyẹn ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè.

Ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló ń fún alágbàtà níwèé àṣẹ. Ẹ ní kó fi tirẹ̀ hàn. Àdéhùn àgbáyé lórí iṣẹ́ ìpẹja, C188, tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 2007 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ apẹja rárá. Àdéhùn kan náà ní kí ìwé iṣẹ́ wà ní kíkọ, kí ọwọ́ apẹja tẹ ẹ̀dà kan. Kí ìsinmi má dín ní wákàtí 10 nínú 24, kó má sì dín ní 77 nínú ọjọ́ méje. Kí ìwé ìlera má pẹ́ ju ọdún 2 lọ. Ẹ fi èyí ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ gbé ìwé tí wọ́n bá fún yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá wákàtí ìsinmi wà níbẹ̀, bóyá wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó páálí, bóyá orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ìwé tí kò ní orúkọ ọkọ̀, ẹ má fọwọ́ sí i.

Àwọn kan máa sọ fún yín pé àdéhùn àwọn atukọ̀, MLC 2006, ló dáàbò bo ọmọ yín. Ẹ má gbà. Àdéhùn yẹn ò kan ọkọ̀ ìpẹja.

Tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ìsanwó ìpalára òṣìṣẹ́ wà nílẹ̀ láti 2010. Láàárín ọjọ́ 14 ló gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí. Ẹni tó wà lójú agbami ò lè dúró dìgbà tó bá dé Àpápá kó tó sọ̀rọ̀. Kó jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé yẹn. Mo ti rí ọkùnrin tí ìka méjì gé lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Ìkòyí ju ọwọ́ náà lọ.

Kúnlé_Agége · 5:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bákan náà ni èyí tí wọ́n ń gbé kiri lórí WhatsApp, pé wọ́n ń wá processor sí Alaska, wọ́n á fún èèyàn ní físà, ₦400,000 ni fọ́ọ̀mù?

Lọ́yà_Ẹ̀bútéMẹ́ta · 5:26 ìrọ̀lẹ́

Iṣẹ́ náà wà ní Alaska lóòótọ́. Láti Dutch Harbor ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá ti ń lọ pẹja pollock nínú òkun Bering, èèyàn sì lè fi wákàtí 16 dúró lójú kan lóòjọ́. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ₦400,000 yẹn, olè ni. Má fi owó rẹ ṣeré.

ÌyàwóAtukọ̀_Ajégúnlẹ̀ · 9:40 alẹ́

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tó lọ. Èmi fẹ́ sọ ti ẹni tó kù nílé.

Ọdún mẹ́sàn-án lọkọ mi fi wà lórí tírọ́là. Fóònù kì í lọ tí wọ́n bá ti jìnnà sílẹ̀. Rédíò ilé-iṣẹ́ ló máa ń gbọ́ ohùn wọn, nítorí náà mo máa ń lọ sí géètì wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, màá bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin rédíò. Tó bá ní "wọ́n wà dáadáa," màá lọ sílé lọ sùn. Lọ́dún kan, àwọn ajalèlókun wọ ọkọ̀ wọn. Wọ́n na gbogbo wọn, wọ́n kó fóònù, aṣọ, àti edé. Ọkọ mi wálé pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlòmíràn nídìí. Ní 2019 ìjọba ṣe òfin lórí àwọn ajalèlókun, ó dáa, àmọ́ òfin ò sí lórí omi lóru ọjọ́ yẹn.

Àǹtí Bùkì, kí ọmọ náà tó lọ, ẹ gba nọ́ńbà rédíò ilé-iṣẹ́ náà, orúkọ ọkọ̀, àti orúkọ ẹni méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé wọn. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn jọ wà nínú ọkọ̀ kan ló tọ́jú mi nígbà yẹn, ìjọba kọ́.

ÀǹtíBùkì_Mushin · Ọjọ́rú, 7:10 àárọ̀

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mi ò tètè dá Nọ́ọ̀sì lóhùn torí pé ìbéèrè yẹn gbá mi láyà. Ó ní ásímà láti kékeré. Láti ìgbà tó ti pé ọdún 14, kò yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, a ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Alágbàtà náà ò sì béèrè. Nígbà tí mo pè é lánàá pé kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn mí, ó ní èmi ni mò ń dí àbúrò mi lọ́nà ọlá, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Débọ̀_ọmọMushin · 7:48 àárọ̀

Èmi ni àbúrò náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi hàn mí lálẹ́ àná. Mo kí gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà. Inú bí mi lákọ̀ọ́kọ́ pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ mi síta. Ṣùgbọ́n ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti wà nílé, owó tí Màmá ń rí lórí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà ni mò ń jẹ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òtútù ò bà mí lẹ́rù, àìsùn ò bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n Dẹ́ẹ̀kì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tó ní ásímà tó ti lọ ò lè ṣe é rárá?

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 8:30 àárọ̀

Débọ̀, ọmọ dáadáa ni ọ́. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀dọ́ kan wà pẹ̀lú wa, ó lágbára jù mí lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n da páúdà pọ̀ jù, ó jáde sórí dẹ́ẹ̀kì, ó di irin mú, kò lè mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fín sẹ́nu ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ó ti lé ní ọdún méje tó ti lò ó kẹ́yìn. Ìrìn-àjò wákàtí 14 ni a fi gbé e dé èbúté. Ó yè. Lọ sọ́dọ̀ dókítà kó wọn èémí rẹ, kó o sì sọ òtítọ́ fún un.

Nọ́ọ̀sì_Orílé · 8:41 àárọ̀

Débọ̀, kí dókítà wọn èémí rẹ, kó o sì dárúkọ páúdà náà fún un ní kíkún: sodium metabisulphite. Ásímà lè sùn fún ọdún mẹ́wàá, irú gáàsì yẹn sì lè jí i. Má fi pamọ́ torí kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé rẹ.

ÀǹtíBùkì_Mushin · Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú, 6:55 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá fi ibi tí ọ̀rọ̀ já sí tó yín létí.

Dókítà wọn èémí Débọ̀, kò sì fọwọ́ sí i pé kó wọ ọkọ̀. Ọmọ náà sunkún, mi ò ní parọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo mú un lọ sí Liverpool. Ìyá Ẹlẹ́dé mú wa dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí wọ́n sọ. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lórí ìtutù àti lórí bí wọ́n ṣe ń ka ìwọ̀n ooru, ó dáhùn wọn. Wọ́n ti gbà á fún oṣù mẹ́ta ná, níbi tí wọ́n ti ń tún edé yẹ̀ wò, tí wọ́n ń tún páálí dì, kí wọ́n fi wò ó bóyá á lè ṣe é. Mo sọ ásímà náà fún ọ̀gá níṣojú rẹ̀. Wọ́n ní ibi ìwọ̀n ni yóò wà, kò ní sún mọ́ páúdà. Owó náà ò tó ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ló ń sùn, Màmá náà sì ti ń sùn.

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 7:20 alẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Débọ̀, ṣé ọwọ́ rẹ ti mọ 30/40?

Débọ̀_ọmọMushin · 7:33 alẹ́

Kò tíì mọ̀ ọ́n, sà. Wọ́n da páálí méjì mi sílẹ̀ lánàá.

ÀgbàDẹ́ẹ̀kì · 7:36 alẹ́

Á mọ̀ ọ́n. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n fún ọ ní tòwú tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ròbà?

Débọ̀_ọmọMushin · 7:41 alẹ́

Ti ròbà nìkan ni wọ́n fún wa, sà. Mo lọ ra tòwú fúnra mi ní Bọ́ńdárì lánàá. Mo ra méjì, kí ọ̀kan lè máa gbẹ tí mo bá wọ èkejì.